Ìlú Tí Rélùwéè Fò Kọjá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n fi ìtìjú ara mi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́gbọ́n. Mẹkáníìkì ni mí, mo sì ń ta ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀. Ní ọdún 2014, mo dágbére nílé pé mo ń lọ sí Jápáànì lọ ra ọjà fúnra mi. Owó àjọ wà nínú owó tí mo gbé lọ, owó ìyàwó mi tó ń ta ata náà wà níbẹ̀.

Àbúrò kan, ọmọ ìlú wa tó ti pẹ́ níbẹ̀, ló gbà mí sílé. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Omiya, ní ìpínlẹ̀ Saitama lẹ́bàá Tokyo, kí n bọ́ sílẹ̀, kí n wá wọ èyí tó ń lọ sí apá Oyama, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lu ọkọ̀ àlòkù ní gbànjo lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bọ̀dá, oríta ni Omiya o. Ẹ bèèrè kí ẹ tó wọlé." Mo ní ta ni kò mọ ọkọ̀ wọ̀?

Àwọn àgbà ní ìkóríta mẹ́ta ní í dààmú àlejò. Nígbà tí mo dé Omiya, èrò ń rọ́ gìrìgìrì bí ọjọ́ ọjà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Utsunomiya, tó máa gba Oyama kọjá, àti èyí tó ń lọ sí Takasaki, bákan náà ni wọ́n rí: ara fàdákà, ìlà aláwọ̀ ọsàn àti ti aláwọ̀ ewé. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni mo kó sí. Bí mo ṣe jókòó, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí màá lajú, Kumagaya ni mo bá ara mi! Kí n tó padà sí Omiya, kí n tó tún dé Oyama, wọ́n ti lu ọkọ̀ tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò yìí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kì í ṣe orí mi ni Omiya àti Kumagaya ti kọ́kọ́ fa wàhálà. Ló bá pìtàn fún mi.

Omiya túmọ̀ sí ojúbọ ńlá, nítorí ojúbọ Hikawa tó ti wà níbẹ̀ látayébáyé. Láyé àtijọ́, ìlú náà wà lójú ọ̀nà Nakasendo, tó lọ láti Edo, tí à ń pè ní Tokyo lónìí, dé Kyoto. Àwọn arìnrìn-àjò ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn síbẹ̀, owó ń wọlé. Àfi bó ṣe di oṣù keje ọdún 1883, tí ilé-iṣẹ́ Nippon Railway ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Ueno dé Kumagaya. Òwú sílíìkì, ọmọ ìyá sányán tiwa, ni wọ́n ní lọ́kàn láti máa fi kó wálé. Ọkọ̀ ń dúró ní Urawa, ó ń dúró ní Ageo. Omiya tó wà láàárín wọn ńkọ́? Fìì! Ó kọjá. Àwọn tó ń sùn sílé èrò wọn tẹ́lẹ̀ wá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin ìyá mi lọ́jà, kí làwọn èèyàn náà ṣe? Wọn ò jókòó sójú kan kí wọ́n máa ṣépè. Àwọn lóókọlóókọ ìlú kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda ilẹ̀ tiwọn pé kí wọ́n fi kọ́ ibùdókọ̀. Lásìkò yẹn gan-an, àríyànjiyàn ń lọ lórí ibi tí ọ̀nà tó ń lọ sí àríwá máa ti yà. Àwọn kan ní kó yà ní Kumagaya, kó lè gba Ashikaga, ìlú àwọn ahunṣọ. Àwọn kan ní Omiya, torí ọ̀nà ibẹ̀ ló kúrú. Inoue Masaru, ọ̀gá rélùwéè ìjọba, fara mọ́ Omiya. Ní March 16, 1885, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ náà. Ní July, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Utsunomiya. Wọn ò tíì parí afárá odò Tone nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi lèrò fi ń sọdá títí di 1886.

Ní 1894, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá síbẹ̀ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, Omiya bá di ìlú àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó di 1982, ibẹ̀ ni Shinkansen, ọkọ̀ asáré-bí-ọfà tó ń lọ sí àríwá, ti gbéra. Àwọn ará àdúgbò tó wà láàárín Omiya àti Tokyo ò fẹ́ ariwo rẹ̀, iṣẹ́ bá falẹ̀ níbẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ mìíràn ló ń gbé èrò láti Ueno wá bá a ní Omiya. Wọ́n fi ọ̀nà Saikyo, tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tu àwọn ará àdúgbò náà nínú ní 1985. Lónìí, ó lé ní 200,000 èèyàn tó ń wọ ọkọ̀ ní Omiya lójúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó rí ẹ́ńjìnnì rà, mo bèèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ ọkọ̀! Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ni ọjà tó wúlò jù tí mo gbé bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Títì tuntun tí wọ́n là ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa, oníbàárà ò sì yà mọ́. Ọdún méjì la fi ṣépè. Nígbà tí mo dé, mo sọ ọ̀rọ̀ Omiya nípàdé. Ariwo ta, bàbá kan ní òun ò ní fi ilẹ̀ òun ṣòfò láéláé. Àmọ́ àwa tó kù gé díẹ̀ díẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ wa, a la ọ̀nà dé títì, a sì ṣe ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí. Ọjà ò tíì kún bíi ti tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti ń yà, ata ìyàwó mi sì ń tà.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ọ̀nà bá sì fo ilé ẹni, ká wá ohun tá a máa fi pè é padà.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì Tó Ṣìnà,
Abẹ́òkúta.