Ẹni Tí Wọ́n Nà Lẹ́ẹ̀kan

Mo jẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní gbèsè nàírà 10 láti oṣù Èrèlé ọdún 2000, mi ò sì tíì san án. Gbèsè géèmù ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwa méjèèjì nígbà náà, ní Tudun Wada ní Kaduna, níbi tí bàbá mi ti ń ránṣọ. Ọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ló ni ilé géèmù tí a máa ń lọ. Ọ̀gá là ń pè wọ́n. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n méjì, ẹ̀rọ Sega kan, PlayStation kan tó máa ń gbóná débi pé wọ́n á dorí rẹ̀ kodò kó tó lè ka àwo, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan. Òfin ibẹ̀ ò le: ẹni tó bá borí á jókòó síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, á san owó, á lọ tò sẹ́yìn. Bí owó bá ti tán lápò rẹ, ó di ilé.

A kì í fi orúkọ wa pe ara wa níbẹ̀. Orúkọ jagunjagun tí o bá ń lò nínú Street Fighter ni wọ́n máa fi pè ọ́. Èmi ni Blanka, ẹranko aláwọ̀ ewé tó máa ń fi iná mànàmáná gbọn èèyàn, torí pé kò le láti lò. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ Hausa tí ilé wọn wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, òun ni Guile. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó jẹ́ẹ́, á di páàdì mú bí ẹni di ife tíì gbígbóná mú, á máa dúró dè ọ́ pé kí o fò. Bí o bá ti fò báyìí, o ti kú nìyẹn.

Kí n má parọ́, mo gbà nígbà náà pé kò sí ẹni tó lè na Guile ní gbogbo ayé. Ibi tí ayé wá gbòòrò dé fún wa ò kọjá Kawo. Kò sí ẹni tó ronú pé ká pe àwọn ọmọ Kawo, tàbí ti Barnawa, tàbí ti Zaria, kí wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ká lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Ìdí nìyí tí ìtàn ìdíje tí wọ́n ń pè ní Evo fi máa ń dùn mí, tó sì máa ń dùn mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wa. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé wọ́n ránṣẹ́ pe ara wọn.

Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Capcom ní Japan gbé Street Fighter II jáde. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí nínú. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni o lè bá jà: ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, tí èjìká rẹ̀ kan tìrẹ, ni o lè máa lù. Ní Amẹ́ríkà, bí o bá fẹ́ kí ó kàn ọ́, o kàn máa gbé owó ẹyọ rẹ lé ara gíláàsì ẹ̀rọ náà ni. Ìlà owó ẹyọ yẹn ni ìlà èèyàn. Ẹni tó bá borí ń ṣeré lọ, ẹni tí wọ́n bá nà lọ wá owó mìíràn. Nígbà tí mo kà nípa àṣà yìí, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín. Òfin Ọ̀gá náà ni, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn ní gíláàsì.

Ní California, àwọn tó wà ní àríwá gbà pé àwọn làwọn mọ̀ ọ́n jù, àwọn tó wà ní gúúsù sì gbà pé irọ́ ni. Lọ́dún 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Cannon àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó bá láyà wá sí Sunnyvale Golfland. Ibi ìgbafẹ́ ọmọdé ni, tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù kékeré, tí wọ́n sì kó ẹ̀rọ géèmù sí nínú ilé. Wọ́n sọ ìdíje náà ní Battle by the Bay, ìjà etí ọ̀sà. Géèmù méjì ni wọ́n fi díje, Super Street Fighter II Turbo àti Street Fighter Alpha 2. Àwọn tó díje jẹ́ 40. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa. Ní ọjọ́ Sátidé tí iná bá wà, àwa tí a máa ń há mọ́ yàrá Ọ̀gá lè tó ìdajì rẹ̀.

Ìbejì ni Tom àti Tony, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ pé ìbejì ló kó èrò jọ kò ní ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu.

Ní 2002 wọ́n yí orúkọ ìdíje náà padà sí Evolution, òun la ń gé kúrú sí Evo. Ní 2004 wọ́n pa ẹ̀rọ ńlá tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ẹ̀rọ tí èèyàn ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé. Inú bí àwọn àgbà òṣèré. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá dúró níwájú ẹ̀rọ gidi, eré ọmọdé ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀rọ ńlá ti ń kógbá wọlé jákèjádò Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kékeré sì ṣeé rù láti ìlú kan dé ìkejì. Èmi tí n kò fojú kan ẹ̀rọ olówó ẹyọ rí títí mo fi tó ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yìn àwọn tó yí i padà ni mo wà.

Ohun tí mo fẹ́ dúró lé lórí nínú gbogbo ìtàn yìí ni òfin kan. Ní Evo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń na èèyàn kó tó lọ sílé. Ọ̀nà méjì ló wà. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà àwọn tí a kò tíì nà. Bí wọ́n bá nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní lé ọ jáde; wọ́n á sọ ọ́ sí ọ̀nà kejì, níbi tí gbogbo àwọn tí ìyà ti jẹ lẹ́ẹ̀kan ti ń bá ara wọn jà. Ọ̀nà yẹn gùn jù, ó sì ń tánni lókun, torí pé ìfìdírẹmi kan sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n bí o bá lè là á já, wàá dé àṣekágbá, wàá jókòó ti ẹni tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà, tí wàá sì ní láti nà án lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gba ife. Ó le, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Ní ọdún 2008 ni mo kọ́kọ́ rí fídíò tí gbogbo ayé fi mọ Evo. Mo wà ní yunifásítì ní Zaria nígbà náà. A máa ń san owó fún òru gbogbo ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Samaru, torí pé òru ni owó rẹ̀ dínkù. Fídíò tí kò gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú kó tó délẹ̀.

Evo 2004 ni, ní yunifásítì kan ní Pomona, California. Géèmù náà ni Street Fighter III: 3rd Strike. Daigo Umehara láti Japan ń lo Ken, Justin Wong láti New York ń lo Chun-Li. Ẹ̀mí Ken ti tán, ó ku bíńtín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Nínú géèmù yìí, bí wọ́n bá fi àrà ọ̀tọ̀ lù ọ́, tí o sì fi apá gbà á, díẹ̀ á ṣì gé kúrò lára ẹ̀mí rẹ. Nítorí náà bí Ken bá fi apá gbà á pẹ́nrẹ́n, ó kú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí Daigo má fi apá gbà á rárá, kí ó ti ọ̀pá síwájú, sínú ìpá náà gan-an, ní àkókò tí ẹsẹ̀ Chun-Li ń kàn án. Bí ó bá yá jù, ó kú. Bí ó bá pẹ́, ó kú. Justin tú àrà tó lágbára jù tí Chun-Li ní jáde, ìpá 15 tí ń rọ́ lura wọn. Daigo ti ọ̀pá síwájú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fò sókè láti gba èyí tó kẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì na Chun-Li pa. Ìpá kẹẹ̀ẹ́dógún ò tíì dé tí àwọn èrò ti dìde tí wọ́n ń ké bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jí dìde.

Èmi náà pariwo. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé íntánẹ́ẹ̀tì náà ní tí n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, òun á ti mí síta.

Fídíò yẹn ni wọ́n ń pè ní Evo Moment 37. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kàn mú nọ́ńbà kan ni, kó lè dà bíi pé 36 mìíràn ti wà ṣáájú. Ohun tí fídíò náà kò sọ, tó jẹ́ pé ó gbà mí ní ọdún díẹ̀ sí i kí n tó mọ̀, ni pé ọ̀nà kejì ni wọ́n ti ń ja ìjà yẹn. Wọ́n ti na Daigo lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti na Justin náà lẹ́ẹ̀kan. Ká ní òfin Ọ̀gá ni wọ́n ń lò, àwọn méjèèjì á ti wà nínú bọ́ọ̀sì tàbí ní ilé oúnjẹ, kò sì sí ohun tí a óò máa wò. Èyí tó tún mú mi dákẹ́ ni pé Daigo kò gba ife géèmù náà. Ó dé àṣekágbá, Kenji Obata, ọmọ Japan bíi tirẹ̀, sì nà án. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ta ló gba 3rd Strike ní Evo 2004, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe máa dáhùn.

Ó yẹ kí n padà sí Kaduna. Ọjọ́ Sátidé, 19 oṣù Èrèlé ọdún 2000, owó tán lápò mi. Guile san owó eré kan fún mi, ó ní kí n wá fún òun lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ilé ìwé. Ó nà mí nínú eré tó fowó rẹ̀ san. Mo sọ fún un pé bí mo bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá kó owó rẹ̀ àti ìyà rẹ̀ wá pa pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé yẹn, 21 oṣù Èrèlé, ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna lórí ọ̀rọ̀ òfin Sharia. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí ní ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú, Mùsùlùmí àti Kristẹni, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sun mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó rọlẹ̀, ńṣe ni ìlú pín sí méjì létí odò: Mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá, Kristẹni ń kó lọ sí gúúsù. Bàbá mi kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọn àti àwa ọmọ, ó di Sabon Tasha. Afárá ló wà láàárín èmi àti Guile, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò sì lè dá kọjá afárá yẹn lọ́dún náà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó padà lọ wo ilé wa ló sọ pé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ti jóná.

Mo ṣì ń tẹ̀lé Evo títí di òní, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn ún gbọ́. Ní 2020 wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan ọ̀kan nínú àwọn olórí rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fagi lé ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún náà. Ní 2021 Sony àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ RTS rà á. Iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún Street Fighter 6 nìkan ní 2023 lé ní 7,000. Ọmọ orílẹ̀-èdè United Arab Emirates ló gbà á, ọmọ Dominican Republic ló ṣe ìkejì. Ní 2019, Arslan Ash láti Pakistan ti gba Tekken 7 ní Evo Japan àti ní Evo ti Las Vegas, ó sì sọ fún ayé pé àwọn tó lè na òun pọ̀ nílé. Mo gbà á gbọ́ ní ojú ẹsẹ̀. Mo mọ irú ilé tó ń sọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ fún mi pé ilẹ̀kùn Evo ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá sanwó ìforúkọsílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n físà wà níwájú ilẹ̀kùn yẹn, owó ọkọ̀ òfuurufú sì wà níwájú físà. Dípò kí a máa retí Las Vegas, èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ní yàrá kan àti tẹlifíṣọ̀n méjì ní Kaduna ránṣẹ́ sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní Jos tàbí ní Kano, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wá sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan tún jókòó. Èèyàn 40 tó.

Ní oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, mo gba Tudun Wada kọjá. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe POS. Mo kí bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní èdè Hausa, mo ṣàlàyé ìdílé tí mò ń wá. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn yẹn ti kó lọ sí Kano tipẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan ṣì máa ń wá kírun ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sínú ìwé pélébé kan, mo fún wọn. Bàbá náà béèrè pé orúkọ wo ni kí àwọn sọ pé ó wá.

Mo ní kí wọ́n sọ pé Blanka ni.