Iṣẹ́ Àwa Oníwáyà

Mo ti sọ fún onílé pé n kò ní san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún tó ń bọ̀. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kí n tó to wáyà mẹ́jọ sínú orí RJ45 báyìí, àfi kí n gbé e sún mọ́ iná. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́, mo sì rò pé á bẹ̀ mí kí n fi irinṣẹ́ sílẹ̀ fún òun. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ta ló tiẹ̀ tún ń fa wáyà láti so kọ̀ǹpútà pọ̀ nígbà tí Xender tó ń gbé fáìlì láti fóònù sí fóònù wà?"

Kò mọ̀ pé ìwọ̀sí ló fi lọ̀ mí. Ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ tọgbọ́n. Fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀, pírínta wà ní yàrá. Àwọn ọmọ ìwòyí á fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Á gbéra ní Ìkìrun, á dé òkè òkun, á tún padà wá sí ẹ̀yìn ògiri kan náà tó ti kúrò, á sì ti jẹ dátà lálọ-lábọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Fóldà tí èmi bá ṣí sílẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì ò bèèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iná nìkan ló fẹ́, torí ìyẹn la sì ṣe ń ra jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ tiwọn, nígbà tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì rí bíi wáyà ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gba ẹ̀yìn gbogbo kọ̀ǹpútà kọjá, irin onígun T lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ìdérí kékeré tí wọ́n ń pè ní terminator ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ kọ́ ọ, tàbí tí ọmọ kékeré yọ ìdérí yẹn ṣeré, gbogbo rẹ̀ kú pátá nìyẹn, wọ́n á sì máa wá ibi tó ti já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní ibẹ̀ làwọn ti kọ́ sùúrù. Èmi ò rí sùúrù kankan lára wọn o.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti ń pọ̀ ní Ìkìrun. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, pírínta kan, àti flọ́pì. Flọ́pì ò gbà ju mẹgabáìtì 1.44 lọ, bí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní àwòrán nínú, kò ní wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ táípì á yọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á sáré ki í bọ tọ̀hún, flọ́pì á ní òun ò ṣí mọ́. Oníbàárà á máa pariwo pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń wọlé sí. Wọ́n á fa wáyà gba ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n á gbé háàbù tí gbogbo wáyà pàdé sí sórí àpótí ọtí, wọ́n á wá sọ àwọn kọ̀ǹpútà lórúkọ. Èyí tí pírínta wà lára rẹ̀ ni IYALE, àwọn tó kù a máa jẹ́ IYAWO1 àti IYAWO2. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé. Bí ìwé bá kọ̀ tí kò jáde, ọmọ táípì á kígbe láti ìta pé, "Ẹ bá mi wò ó, ìyálé ti sùn!" Iṣẹ́ ti tán nìyẹn, kò sí ìdí láti ránṣẹ́ pè wá.

Eyín ni Ọ̀gá fi ń bó ara wáyà. Wọ́n á rọra gé e yí ká, wọ́n á fà á, awọ á bọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ṣá bàbà inú rẹ̀ lọ́gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa ka àwọ̀ ketekete bí ẹni ń ki ẹni: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. A ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan títí a ó fi lè kà á láti ẹ̀yìn wá. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí mo ń kọ́ yìí, fóònù ló fi yà á ní fọ́tò pé òun ò ní gbàgbé.

Kìrímpà wọn, irin tí a fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, ńkọ́? Ìkẹjà ni wọ́n ti rà á, ní Computer Village, ọwọ́ rẹ̀ pupa, irin rẹ̀ wúwo. Tó bá ti lu orí wáyà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Èyí tó kún ọjà báyìí, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó tún un tẹ̀, ìka kan á sì ṣì wà tí kò kan bàbà. Gbogbo àwa ọmọṣẹ́ la mọ̀ pé Ọ̀gá ti sọ pé èmi ni kìrímpà yẹn máa bọ́ sí lọ́wọ́. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, òótọ́ ni, ta ló ń kọ ìwé ìhágún nítorí kìrímpà? Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kí ọjọ́ pé díẹ̀ kí wọ́n má baà ní mo ń lé ogún kiri. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, àwọn ẹbí Ọ̀gá ti tún yàrá ṣe, wọ́n ti kó gbogbo irin inú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti tà á pọ̀ mọ́ páànù àti irin fáànù. Mo kí wọn, mo jókòó, mo mu omi, mo padà wálé. N kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí jì wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìnísà á rántí bí ààrá ṣe máa ń sán níbẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kí a so kọ̀ǹpútà òun pọ̀ mọ́ tọmọ òun tó kọ́lé sódìkejì àgbàlá. Kò jìnnà rárá, wáyà Cat5 sì lè lọ tó 100 mítà. Orí òrùlé la gbé wáyà náà gbà. Ọ̀gá kìlọ̀ fún wọn níṣojú mi pé tójò bá ti ṣú, kí wọ́n yọ orí wáyà nílé méjèèjì. Wọn ò yọ ọ́. Ààrá ò sì kan ilé o, igi ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ló sán lù. Nígbà tí a tú háàbù, òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo pálọ̀, ojú ihò méjì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, káàdì inú kọ̀ǹpútà méjèèjì ti kú. Bàbá ní a ò mọṣẹ́. Ọ̀gá ò jiyàn, wọ́n kàn bi í pé, "Bàbá, ta ló yọ wáyà?" Wọ́n sì fi owó tó kù sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi owó ìkìlọ̀ kún owó iṣẹ́ mi.

Èyí tó kù sáré kọjá. Ní 2004 ni Windows XP bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, fáyàwọ́ọ̀lù dé, a kọ́ bí a ṣe ń ṣí i. Sáíbà kafẹ́ dé, ó kún, ó ṣófo. Wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, Òkukù gba ẹ̀ka kan, owó wọlé fún wa dáadáa: ilé àwọn olùkọ́, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fíìmù láti yàrá dé yàrá. Windows 7 gbé HomeGroup, ọ̀nà láti pín fóldà àti pírínta nínú ilé, dé ní 2009, ó sì rọrùn débi pé ìyàwó ilé lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ní 2013 ni Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín táblẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé girama. Wọ́n ti kó ìwé sínú rẹ̀ látilẹ̀, kò wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri. Èmi gbóríyìn fún un ju bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ṣe lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 2017 sí 2018. Ní oṣù Karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ọ̀nà SMB wọlé, àní ọ̀nà tí àwa ń gbà pín fóldà gan-an, ó sì da àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rú. Láàárín oṣù díẹ̀, Windows 10 tuntun ò tún gbé SMB1, ẹ̀dà SMB àtijọ́, wá mọ́. Nígbà tó di 2018, wọ́n yọ HomeGroup. N kò sọ pé kò nídìí. Ṣùgbọ́n ta ló wá ṣàlàyé rẹ̀ ní Òkukù? Kọ̀ǹpútà ṣe àpúdéètì lóru, ilẹ̀ mọ́, fóldà pòórá, pírínta ò dáhùn. Olùkọ́ kan tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ tipẹ́ wò mí lójú, ó ní mo dọ́gbọ́n sí i kí òun lè tún sanwó ni. Èmi! Mo tún un ṣe, n kò gba kọ́bọ̀, n kò sì padà sílé rẹ̀ mọ́.

Wọ́n á tún máa sọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè ìdánwò tó jáde nílé ìwé kan. Kí n sọ tẹnu mi. Mo fi pásíwọ́ọ̀dù sí fóldà yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé ló ní kíkọ rẹ̀ ń dá òun dúró, kí n ṣí i fún Everyone, kí gbogbo tíṣà máa wọlé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn lẹ sọ o." Wọ́n ní àwọn ni àwọn ń sanwó. Kọ̀ǹpútà yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí súwíìṣì kan náà, èyí tí mo ní kí wọ́n ra èkejì fún tí wọ́n ní kò sówó. Ọmọ wo ni ò ní wò ó? Síbẹ̀ orúkọ mi ni wọ́n ń pè ní ìpàdé òbí.

Ọmọ tó bi mí léèrè ní kí n má bínú. N kò bínú. Mo ní kó lọ fi Xender rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí pírínta tó wà lára IYALE, kó wá jábọ̀ fún mi.

Títí ìparí oṣù Kejìlá, ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá wo tirẹ̀ ní Ìnísà tàbí Òkukù, owó ọkọ̀ ò sí nínú owó iṣẹ́.