Ohun Tí Orin Ìfẹ́ Ò Kọ́ Mi

Lọ́jọ́ tí màmá ọ̀rẹ́bìnrin mi ṣe ayẹyẹ 60 ọdún wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó tí kì í ṣe tèmi ni mo ná.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ojúde Ọba 2025 ni. Ìlú ṣì kún dẹ́dẹ́. Mo wọ aṣọ ẹbí, mo gẹ fìlà, àfi bí onífújì ṣe pe orúkọ mi. Ó pe tèmi tán, ó fi ti bàbá mi kún un. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tó máa jókòó? Mo bọ́ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi igba náírà lé màmá lórí, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí. (Ẹ má sọ fún EFCC o.) Màmá ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́bìnrin mi ń fi fóònù ká wa sílẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀ ni pé ó ti pé oṣù méjì tí iléeṣẹ́ tí mò ń bá kọ kóòdù ti ní kí n máa lọ ilé. Orí áàpù kan tó ń yáni lówó ni mo ti yá ₦150,000 tí mo ń ná káàkiri yẹn.

Kí ló sún mi débẹ̀? Mo ti rò ó títí, orin ni mo ń dá lẹ́bi díẹ̀.

Fújì àti wákà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi ní Talazo tí Wàsíù Àyìndé ṣe ní 1984, wọ́n tún ní Bubble tí Adéwálé Àyúbà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gbé jáde ní 1991. Màmá mi ní tiwọn, Bàtílì Àlàkẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Sàláwà Àbẹ̀ní, tó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1976, ni wọ́n máa ń gbọ́. Nínú àwọn orin yìí, ìfẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ yàrá. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Olórin á pe orúkọ rẹ, á pe ti aya rẹ, á pe ti àwọn òbí rẹ, ìwọ náà á dìde. N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi sọ fún màmá mi pé àwọn fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n tí olórin bá ti pe màmá mi lóde, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí àwa náà dàgbà, Afrobeats ló gba ìgboro. Davido gbé If jáde ní 2017, ó kó ọgbọ̀n bílíọ̀nù náírà sínú orin, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí ẹni pé owó wà nínú àkáǹtì wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ṣe Assurance, ó sì ra mọ́tò Porsche fún olólùfẹ́ rẹ̀, ariwo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Owó tó wà nínú fújì náà ló wà níbẹ̀. Orúkọ èèyàn nìkan ló sábà máa ń bọ́ sílẹ̀, "baby" ló rọ́pò rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé Adekunle Gold ńkọ́? Òótọ́ ni. Orente tó ṣe ní 2015 yin obìnrin tí kì í da ọkùnrin láàmú nítorí owó. Mo fẹ́ràn orin yẹn gan-an. Àìmọye ìgbà ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ló ń bá wa sọ bí obìnrin náà ṣe ní ìtẹ́lọ́rùn tó. A ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jókòó tì í tó sọ pé, "Owó ti tán." Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo nílò.

Nígbà tí ọjọ́ gbèsè pé tí mi ò rí i san, áàpù yẹn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, pé oníjìbìtì ni mí. Ọ̀rẹ́bìnrin mi wà lára wọn. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni.

"Ìgbà wo niṣẹ́ bọ́?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já.

"Gbèsè kọ́ ló ń dùn mí," ó ní. "Ojoojúmọ́ lò ń fi orin ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ tìrẹ wá dà? Áàpù ló wá bá mi sọ̀rọ̀ ẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ò fi gbé ìpè mi.

Lásìkò yẹn, 4 Kampé II tí Burna Boy bá Joé Dwèt Filé ṣe ń dún níbi gbogbo. Olórin Faransé tó jẹ́ ìran Haiti ni Joé. Orin yẹn ló mú mi dé ìdí kompa, orin ijó àwọn ará Haiti tí Nemours Jean-Baptiste dá sílẹ̀ ní 1955. Mi ò gbọ́ Creole, àmọ́ mo ń wo fídíò ijó wọn lóru. Méjì méjì ni wọ́n ń jó o, àyà sí àyà, jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọjú sí olórin. Ni mo bá rántí òde màmá: èmi kọjú sí onífújì, òun wà lẹ́yìn fóònù. A ò fojú kan ara wa rárá lọ́jọ́ yẹn.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé kan. Màmá gbé ìkòkọrẹ́ fún mi, wọ́n wọlé. Mo jẹun tán, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: iye tí mo jẹ, iye èlé tó ti gorí rẹ̀, iye tó kù lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mi ò lówó lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ẹ." Ohùn mi ń gbọ̀n. Ó gba fóònù mi, ó ṣí kakulétọ̀, ó ní, "Ka èlé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àṣé màmá ń gbọ́ wa láti inú ilé. Wọ́n yọjú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kó o náwó? Ṣé èmi ni mo kó o? Àwọn onílù ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú mi.

A ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ fújì, kò sóhun tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá tún pe orúkọ mi lóde, màá dìde, màá di ọ̀rẹ́bìnrin mi lọ́wọ́ mú ká jọ jó. Tówó bá wà lápò, màá ná an. Tí ò bá sí, òun á ti mọ̀ ká tó kúrò nílé.