Ẹ Bá Mi Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, akéwì kì í tijú ọ̀rọ̀. Nǹkan oṣù ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS 3 ni inú ti máa ń run mí lóṣooṣù, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá mi ní bó ṣe máa ń ṣe òun náà nìyẹn, tí mo bá ti bímọ, á lọ. Nọ́ọ̀sì kan, níbi tí mi ò ní dárúkọ, fún mi ní Paracetamol, ó ní kí n lọ fẹ́ ọkọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà! Ìgbà tí mo dákú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ní Ọ̀yẹ́ níbí ni dókítà kan tó fi ẹ̀rọ kékeré tó ní iná lẹ́nu wo inú mi, láti ojú ihò kan lẹ́bàá ìdodo. Ó ní, endometriosis.

Mo tú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò bá a níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Awọ kan wà nínú ilé ọmọ tó máa ń nípọn lóṣooṣù láti fi ṣe ibùsùn fún oyún. Tí oyún ò bá dé, awọ yìí á já, á bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ní tiwa, irú awọ bẹ́ẹ̀ ti hù síta ilé ọmọ: lára ilé ẹyin, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Òun náà á ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú ọ̀nà. Níbi tó há sí yẹn ló ti ń wú, tó ń dápàá, tó ń lẹ ìfun mọ́ ilé ọmọ.

Ó pẹ́ tí ìwé àwọn dókítà fi ń sọ pé kò wọ́pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fi irú ẹ̀rọ yẹn wo obìnrin 239 n'Ìbàdàn, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015: 115 ló ní in. Lóòótọ́, àwọn tí nǹkan ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wò. Síbẹ̀, ṣé bí "kò wọ́pọ̀" ṣe ń rí nìyẹn?

Họ́mọ̀nù ló ń bọ́ ọ. Estrogen ló ń sọ fún awọ yẹn pé kó nípọn, progesterone ló ń sọ fún un pé ó tó. Awọ tó ṣìnà yìí máa ń di etí sí progesterone, ó sì tún ń ṣe estrogen tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Alágídí ọmọ!

Ibi tó ti kan apá àríwá Èkìtì tiwa nìyí. Bàbá bàbá mi dá oko kòkó ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá ṣe kòkó láyé ìgbà yẹn á mọ Gammalin 20, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tó ń mu omi ara igi kòkó. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja, wọ́n á sì jẹ ẹja náà! Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ní 2009 ni àdéhùn Stockholm ka lindane, àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ beta-HCH, mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ọmọ ìyá yìí kì í tètè kúrò lára. Inú ọ̀rá ló ń sá pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé endometriosis wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tí beta-HCH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju àwọn tí tiwọn kéré lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1993, ọ̀bọ ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Wisconsin: àwọn tí wọ́n fi dioxin sínú oúnjẹ wọn fún ọdún mẹ́rin, àìsàn yìí le lára wọn ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ìdílé dioxin yìí sì wà nínú èéfín tó ń jáde tí a bá sun rọ́bà wáyà àti páìpù mọ́ pàǹtírí, bí a ṣe ń ṣe lẹ́yìn họ́sítẹ̀lì.

Mi ò sọ pé oògùn kòkó bàbá àgbà ló kó bá mi o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára obìnrin kò fohùn ṣọ̀kan, àìsàn náà sì máa ń rìn nínú ẹbí. Kòkó yẹn kan náà ló rán bàbá mi nílé ìwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí i?

Ìdó ni mo ti ń gba oògùn báyìí. Kò tíì sí èyí tó ń lé e lọ pátápátá. Họ́mọ̀nù náà ni wọ́n fi ń tẹ họ́mọ̀nù lórí ba. Káàdì oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, irú rẹ̀ ni àwọn tó ń fètò sọ́mọ bíbí ń lò. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá rí i. Ó ní, "Ìwọ náà?" Kó tó di pé mo ṣàlàyé awọ dé ilé ẹyin, ó ti jáde. Láti ọjọ́ náà, kì í jókòó tì mí mọ́ ní fellowship. Ká ní àìsàn yìí ní orúkọ tó ṣeé pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, bí ibà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ǹ bá ti dá a lóhùn.

Mo ti kọ mẹ́ta sílẹ̀: awọ aṣìnà, àṣẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ àhámọ́. Mo kà wọ́n fún ìyá mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ìkẹta yẹn, òun ló ṣe èmi náà." Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó kọ ọ́ sí bébà, kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ wa kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.