Ẹ Bá Mi Tọ́jú Ẹja

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, èyí tí gbogbo wa ń lò láti òwúrọ̀ di alẹ́: tọ́jú. Ẹja mẹ́rin ni ó kú kí n tó mọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé mi tó bí mo ti rò.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní àgbègbè wa, bí ènìyàn bá ní òun ń sin ẹja, àrọ̀ ni gbogbo ayé yóò rò. Láti Ìkòtún dé Ìgàndò, ẹ óò rí táńkì oníke àti oníbúlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń sin àrọ̀ sínú rẹ̀ fún títà. Tèmi yàtọ̀. Àpótí gíláàsì ni mo gbé sí pálọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà ni ó sì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis. Ikùn abo rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Ohun tí ó wù mí jù nípa rẹ̀ ni pé ẹja ilẹ̀ wa ni. Inú odò gúúsù Nàìjíríà ni orírun rẹ̀, kí ó tó di ọ̀ṣọ́ nínú ilé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ṣàṣà ni àlejò tí ó wọlé mi tí kò béèrè ìgbà tí a óò sè wọ́n. Ọ̀kan tilẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fún wọn ní ọdún kan sí i. Kò mọ̀ pé bí ó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó, wọn kò lè gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá kò mọ ẹja tí a kì í jẹ. Ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀. Ọ̀ṣun ni ó ni wọ́n. Ẹja tèmi kò ní òrìṣà tí yóò gbèjà rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2022, èmi àti ìdílé mi lọ ṣe ọdún ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọjọ́ 9. Mo fa kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Ìbejì lọ́wọ́, ẹni tí a jọ ń gbé ilé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, fẹ́ràn àwọn ẹja náà débi pé ó máa ń fi imú gbá gíláàsì. Mo pè é, mo ní, "Bá mi tọ́jú wọn dáadáa o." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Dádì Tóyìn."

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ní ilé ìdáná, bí ìyá bá ní kí ọmọ lọ tọ́jú ẹja, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì yọ ìfun rẹ̀ ni. Tọ́jú owó: fi í pamọ́. Tọ́jú aláìsàn: dúró tì í. Tọ́jú àlejò: oúnjẹ ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ. Ti àlejò yìí ni ọmọ náà mú, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Àbí ẹ ti rí ilé Yorùbá tí wọ́n ti ń fi ebi tọ́jú ènìyàn rí?

Òórùn ni ó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Omi inú àpótí ti funfun bí omi ògì. Agolo oúnjẹ tí ó yẹ kí a lò fún oṣù mẹ́ta ti ṣófo. Ẹja mẹ́rin léfòó. Méjì tí ó kù gbẹ́nu sókè, wọ́n ń wá èémí. Ọmọ náà sá mọ́ inú yàrá, kò jáde sí mi fún ọjọ́ méjì. Ìyá rẹ̀ ni ó wá kúnlẹ̀. "Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí oúnjẹ wọn tán, ìdajì búrẹ́dì tí mo ń fún un láàárọ̀ ni ó ń rún sí i fún wọn." Mo ti múra láti pariwo tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi wọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rèé. Ara ẹja kì í dá gbóná bí tiwa. Bí omi bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí, nítorí náà oúnjẹ díẹ̀ ni ó nílò. Ẹja tí ó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun kí ó má sì sí ohun tí yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù a máa jẹrà, a sì di májèlé tí à ń pè ní ammonia, èyí tí ó tún ń ti ara ẹja fúnra rẹ̀ jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà nínú asẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ìjẹrà náà tún ń fa èémí inú omi gbẹ. Iná mànàmáná sì lọ fún odindi ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Àrọ̀ ì bá rù ú là, nítorí ó lè yọjú sókè kí ó mí afẹ́fẹ́ òde. Tèmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Akọ kan àti abo kan ni ó ṣẹ́kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n yé ẹyin sábẹ́ àpáàdì tí mo dojú rẹ̀ dé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, ìyá àti bàbá jọ ń da àwọn ọmọ kiri bí adìyẹ, àwọn ọmọ ń ṣa nǹkan jẹ fúnra wọn. Ọmọ Màmá Ìbejì ti padà síwájú gíláàsì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó káwọ́ sẹ́yìn. "Dádì Tóyìn, ṣé wọn ò fún wọn lóúnjẹ ni?" Mo ní, "Wọ́n ń ṣọ́ wọn ni."

Nígbà ọdún Àjíǹde, a tún rìnrìn àjò fún ọjọ́ 6. Ọjọ́ méjì ṣáájú, mo pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà, mo fi omi kànga ẹ̀rọ tí ó ti sùn nínú dúrọ́ọ̀mù dípò rẹ̀, torí pé omi tiwa a máa fi ìpẹtà sílẹ̀ nísàlẹ̀ ike. Mo lọ oúnjẹ kúnná, mo dì í sínú bébà 6 bí oògùn, ìdì kan fún ọjọ́ kan. Nítorí àwọn ọmọ ni o, àwọn òbí wọn ì bá fara dà á. Agolo fúnra rẹ̀, mo gbé e pamọ́. Mo fi han ọmọ náà bí ó ṣe lè fi ife bu omi, kí ó sì máa dà á padà láti òkè bí iná bá lọ. N kò dárúkọ tọ́jú rárá. Mo ní, "Bá mi mójú tó wọn."

Nígbà tí a dé, ó mú ìwé eré ìdárayá ọpọlọ rẹ̀, ìwé ìṣirò, wá fún mi. Ó ti kọ wákàtí tí iná lọ àti wákàtí tí ó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti iye ọmọ ẹja tí ó kà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kìíní: 31. Ọjọ́ kejì: 31. Ọjọ́ kẹta: 29, ó fagi lé e, ó tún kọ 31. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí iye kankan níbẹ̀. Ohun tí ó kọ ni, "Wọ́n ń sáré jù, mi ò lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà níbẹ̀."