Mìlímítà 40

Nínú gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ti yọ sípíríǹgì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kúrò, tí ó sì fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀ kí ara ọkọ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú ló le jù láti dá, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ kú, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣọ́ọ̀kì tó yẹ kí ó sin ọkọ̀ dé kìlómítà 80,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà tó dán lè má dé ìdajì ìyẹn kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, kí iwájú ọkọ̀ sì máa jó ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá lórí bọ́ńpù. Àlàyé méjì ló sábà máa ń wà nílẹ̀: àkọ́kọ́ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹni tó ni ọkọ̀, èkejì ni pé ọ̀nà kò dára. Àlàyé méjèèjì ṣeé gbọ́ létí, àmọ́ ohun kan wà tí kò sí èyí tó lè tú u nínú wọn, òun náà ni pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tó sì ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ṣì le koko. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ni, kí ló dé tí ayédèrú ẹ̀yìn kò kú? Bí ó bá jẹ́ kòtò ni, ṣé táyà iwájú nìkan ló ń já sí kòtò ni?

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fèsì láìkọ́kọ́ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé e. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ijó sípíríǹgì, nítorí pé sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tán. Agolo irin gígùn kan ni, tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Písítìn kan wà nínú ọ́ìlì náà, ó so mọ́ ọ̀pá irin dídán kan, ihò tín-ín-tìn-ín sì wà lára písítìn náà, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ọ́ìlì bá fi tipátipá gba ojú ihò wọ̀nyí kọjá ni písítìn tó lè rìn, tí agbára ijó náà yóò sì di ooru tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi máa ń fọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ìrìn gígùn, nítorí pé èyí tí ara rẹ̀ tutù nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì gbóná ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ti iwájú tún ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ tí ti ẹ̀yìn kò ní. Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà tó kúrò ní General Motors lọ sí Ford ní ọdún 1947, ló gbé e kalẹ̀ pé kí wọ́n sọ sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti irin tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lókè di ẹyọ ohun kan ṣoṣo, èyí tí ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní strut. Ford Consul àti Zephyr tí wọ́n fi han ayé ní London ní ọdún 1950 wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí Volkswagen gbé Golf jáde ní 1974, strut yìí náà ni wọ́n fi sí iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ìdábùú kan tó ṣeé lọ́ ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tó fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kò ní ju iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì lọ. Ọ̀pá dídán ti iwájú, ní tirẹ̀, tún jẹ́ òpó: òun ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kí ó má baà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bá yí nígbà tí awakọ̀ bá ń ya kọ́nà, òun ló sì ń fara gbá a nígbà tí búréèkì bá mú tí imú ọkọ̀ tẹ̀ba. Nítorí pé táyà kò dúró sábẹ́ òpó náà gan-an, bí kò ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níta, ìwúwo ọkọ̀ kì í tẹ òpó náà lóòró nìkan, ó tún ń gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò ṣàì mọ èyí. Ẹni tó bá wo strut dáadáa yóò rí i pé, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sípíríǹgì kò dúró ṣánṣán yí ọ̀pá ká, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó tò ó pọ̀ kò fojú sí i. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí agbára sípíríǹgì lè máa ti òpó padà sí ìhà kejì, kí ọ̀pá sì lè máa rìn láìfi ẹ̀gbẹ́ kan ha síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde. Sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n ń tà fún ìrẹ̀sílẹ̀ lè má bìkítà fún ìdàsẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, síìlì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lápá kan.

Síbẹ̀, òpó ni strut jẹ́ kí wọ́n tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, iwájú náà ni ẹ́ńjìnnì sì ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ strut àtijọ́ kò kú. Ohun tó yí padà gan-an ni àyè. Bí ó bá jẹ́ pé mìlímítà 80 ló wà láàárín ibi tí písítìn dúró sí nígbà tí ọkọ̀ ń sinmi àti ibi tí kò lè kọjá mọ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n sì wá rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní mìlímítà 40, ìdajì àyè ti lọ, nítorí pé strut kò kúrú pẹ̀lú sípíríǹgì, ọ̀pá rẹ̀ kàn wọnú agolo sí i ni. Ìṣirò rẹ̀ burú ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí sípíríǹgì bá le ní ìlọ́po méjì, agbára tó lè gbà mọ́ra yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí àyè tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ dé bá di ìdajì, agbára náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn ni pé sípíríǹgì ní láti le ní ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó lè gba bọ́ńpù kan náà mọ́ra. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn tó lè fara da ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ máa ń mú un le díẹ̀ péré, ìyókù á sì di gbèsè. Rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sítọ́pà, tó wà lára ọ̀pá lókè kí irin má baà gbá irin, ló ń kọ́kọ́ san nínú gbèsè náà; nígbà tí sítọ́pà bá fọ́, písítìn á máa lọ gbá ìdí agolo níbi tí fáàfù kékeré wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà sókè ńkọ́? Sípíríǹgì tó ti le sí i á ta pẹ̀lú agbára tí ihò ara písítìn kò lè kápá, nítorí ìwọ̀n sípíríǹgì àtijọ́ ni wọ́n fi lu ihò náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó pa strut kò gbọdọ̀ yára sọ òkú rẹ̀ nù. Kí ó kọ́kọ́ wo sítọ́pà bóyá ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí bóyá wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e, nítorí pé gígé rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn tó ń ta sípíríǹgì kúkúrú mìíràn máa ń ní kí wọ́n ṣe. Kí ó wo rọ́bà tó máa ń bo ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ iyanrìn, èyí tó sábà máa ń di àwátì lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ sípíríǹgì. Lẹ́yìn náà, kí ó nu ọ̀pá mọ́, kí ó sì yí i sí oòrùn. Bí dídán rẹ̀ bá ti ṣá ní ojú kan tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́, tí ìyókù sì ń kọ mànà, ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló jẹ ẹ́. Bí ó bá wá wo òkè, nísàlẹ̀ ibi tí nọ́ọ̀tì wà, ó lè bá eyín ẹ̀mú níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní ìlà méjì tó dojú kọra: mẹkáníìkì tí kò ní sípánà tó yẹ láti di orí ọ̀pá mú kí ó má bá nọ́ọ̀tì yí ti fi ẹ̀mú há a. Lára ọkọ̀ tí wọn kò rẹ̀ sílẹ̀, eyín ẹ̀mú yẹn lè wà níbẹ̀ títí ayé láìpa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé sítọ́pà kò ní jẹ́ kí apá ibẹ̀ dé ojú síìlì láé. Lára èyí tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì gé sítọ́pà rẹ̀, ó lè dé ibẹ̀, á sì máa fi eyín náà ya síìlì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá rì. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí, tó sì tún lọ ra irú strut kan náà, fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ àyè yìí kò lè ṣàì rán ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà díẹ̀ létí Píjò 504, ọkọ̀ tó jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Strut irú ti MacPherson ló wà níwájú òun náà. Àwọn tó wọ oníbùútù gígùn rẹ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó rántí bí wọ́n ṣe ń jókòó ní ìlà mẹ́ta, tí iṣu àti apẹ̀rẹ̀ kún ẹ̀yìn, tí ẹrù mìíràn tún wà lórí òrùlé, tó fi jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, imú rẹ̀ á sì gbójú sókè débi pé ewé orí igi ni iná iwájú ń tàn sí lálẹ́. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá á mọ ìgbà tí táyà wọ kòtò, nítorí pé ọkọ̀ á rì, á rì sí i, bí ẹni pé kò ní gbéra mọ́, kí ó tó wá rọra dìde bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àpótí. Kò sí ohùn irin níbẹ̀. Awakọ̀ kò tilẹ̀ ní dẹwọ́ eré. Irin tó nípọn kọ́ ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣe gudugudu méje lójú ọ̀nà. Àwọn tó yà á fún un ní àyè púpọ̀ láti lọ àti láti bọ̀ ni, wọ́n sì fi sípíríǹgì tó rọ̀ kún un.

Ó rọrùn láti ti ibẹ̀ sọ pé gíga ni oògùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Golf àti irú rẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù kì í pẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tó ní kí wọ́n gbé e sókè nítorí kòtò, mẹkáníìkì á sì há sípésà, ìyẹn rọ́bà tàbí irin tó nípọn, sáàárín ojú sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Àwọn strut wọ̀nyí náà ń kú láìtọ́jọ́. Ìdí ni pé nígbà tí sípésà bá ti gbé ọkọ̀ sókè lọ́nà yìí, ọ̀pá ti jáde nínú agolo ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi jẹ́ pé nígbà tí táyà bá já sí kòtò, kò sí àyè tó kù fún un láti bọ́ sílẹ̀, písítìn á sì lọ gbá òkè agolo, níbi tí síìlì wà gan-an. Sípésà tí wọ́n fi sórí máúǹtìǹgì, níbi tí strut ti so mọ́ ara ọkọ̀, kò ní fa irú èyí nígbà tí ọkọ̀ ń sinmi, nítorí odidi strut ló sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, písítìn kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ga jù àti ọkọ̀ tó kúrú jù ń kú ikú kan náà ní òpin méjì agolo kan náà, gíga tàbí kíkúrú kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀ bí ibi tí písítìn dúró sí nígbà tí ọkọ̀ ń sinmi.

Ìsinmi yẹn gan-an ló yẹ kí ènìyàn tún wò. Ní Reifnitz, létí adágún Wörthersee ní Austria, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Golf GTI ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní 1982, ẹwà ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ẹwà ọkọ̀ tó dúró: fẹ́ńdà bo etí táyà, ojú sì ń wò ó. Ní gbàrà tí ọkọ̀ bá gbéra, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò rí ẹwà náà mọ́, àmọ́ àsìkò yẹn ni strut ń san owó rẹ̀. Àwọn ará California ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí òfin ibẹ̀ sọ ní 1958 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe débi tí apá kan nínú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ irin táyà rẹ̀ lọ, Ron Aguirre lo pọ́ńpù ọ́ìlì ọkọ̀ òfúrufú lára Corvette rẹ̀, ó fi lè wà nílẹ̀ nígbà tó bá dúró, kí ó sì ga nígbà tó bá fẹ́ rìn. Ọlọ́pàá ló ń sá fún, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ló ya ohun méjì tí sípíríǹgì kúkúrú so pọ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń wò àti ọkọ̀ tí wọ́n ń wà.

Ẹni tí kò ní pọ́ńpù ní láti wọn àyè rẹ̀ kí ó tó náwó. Okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn rewáyà fi ń di wáyà pọ̀ ti tó: kí wọ́n so ó mọ́ ara ọ̀pá dídán tímọ́tímọ́, kí wọ́n tì í sísàlẹ̀ títí yóò fi jókòó sórí agolo, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́. Ibi tí okùn náà bá gùn dé lára ọ̀pá ni ibi tí strut rì dé. Bí ó bá ṣì jìnnà sí sítọ́pà, kí wọ́n wá ẹlẹ́ṣẹ̀ síbòmíràn, bóyá máúǹtìǹgì tàbí eyín ẹ̀mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti há sínú sítọ́pà lẹ́yìn ìrìn sí ọjà lásán, strut gígùn mìíràn kò ní ṣe é, bó ti wù kí ó wọ́n tó. Èyí tí wọ́n ṣe agolo àti ọ̀pá rẹ̀ kúrú fún ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ ni kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n dá mìlímítà 20 padà fún ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì ṣe aláímẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé bí gíga ọkọ̀ bá ti yí padà, ojú táyà náà ti kúrò ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀.