Ọmọ Mi, Iṣẹ́ Mẹkáníìkì àti Dáwódù

Nígbà tí àkọ́bí mi sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni òun fẹ́ kọ́, ojú tì mí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ilé-ìwé gíga. Òun ń lọ sí Ládìpọ̀ ní Múṣin, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì. Mo fárígá.

Ìtàn William Akínọlá Dáwódù ló yí ọkàn mi padà. Nígbà tí wọ́n fi afárá Carter so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó ní 1901, mọ́tò ṣì ṣọ̀wọ́n bí ojú nílẹ̀ wa. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Èkó yìí, tí ó ti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń tún mọ́tò ṣe, ó ń kó o wọlé láti òkèèrè tà, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ó mọ inú ọkọ̀ kí ó tó máa tà á.

Mo bi ara mi pé: bí wọ́n bá ti fárígá fún òun náà ńkọ́? Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Mo pe ọmọ mi. “Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ yóò kọ́ ti ìwé mọ́ ti ọwọ́. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, kò jìnnà sí wa.”

Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣé, Bàbá mi.”

Òórùn epo kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀ báyìí. Ojú kò tì mí mọ́.